Ọwọ́ Mi Dà?

Kubwa, Àbújá,
Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹwàá.

Yétúndé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù ti ń mú yín ní Glasgow. Níbí, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé. Màmá mi ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà, wọ́n ti ń dá èèyàn mọ̀ lókèèrè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lánlọ́ọ̀dù tún fi owó lé owó ilé. Ṣadé ti wọ JSS1. Ó tán, jẹ́ kí n sọ èyí tí kò jẹ́ kí n sùn.

Láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń lọ sí Dei-Dei, mò ń ya fọ́tò àwọn tó ń ja dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa. Má pariwo lé mi lórí o, kò sẹ́ni tó ń yọ mí lẹ́nu níbẹ̀. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń yọ́ lọ wò ó ní Kàdúná, tí ìwọ á fi ìborùn bojú tí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ sókè? Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí. Ọwọ́ kan ni wọ́n ń fi okùn wé, òun ni ọ̀kọ̀. Èyí tó ṣí sílẹ̀ ni asà. Tí orúnkún ẹnì kan bá ti kanlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní wọ́n ti pa á, ìjà parí. Kalangu á máa ki wọ́n bí ìgbà tí gángan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn títí, kí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tó já. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn ni mò ń wá.

Sátidé tó kọjá, ọmọ Katsina kan, kò lè ju ogún ọdún lọ, já a. Èkejì lọ sílẹ̀ gbì, eruku sọ. Ọmọ náà wá bá mi, ó ń làágùn, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà láàárín okùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sẹ́yìn kó má baà kan kámẹ́rà, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo fọ́tò. Ojú rẹ̀ hàn, ti ẹni tó ṣubú hàn, ṣùgbọ́n láti igunpá rẹ̀ lọ, bí èéfín ni. Ó wò ó títí. Ó ní, “Hajiya, ina hannuna?” Ọwọ́ mi dà? Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí. Yétú, mi ò rí èsì fún un.

Ọwọ́ mi kò gbọ̀n o. Kámẹ́rà tí mo yá lọ́wọ́ Bọ̀dá oní-fọ́tò ni, Canon 2000D àti lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá. Tí mo bá fà á dé 55, f/5.6 ló lè ṣí mọ; bí nọ́ńbà f yẹn bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó. Ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n ń jà, oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ń fẹ́ ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dúró nínú fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kò sì tó ìyẹn rárá. Fọ́tò mẹ́ta péré ló tún ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, ẹ̀ṣẹ́ ti lọ, ó ti bọ̀.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse 2. Irú kámẹ́rà yẹn gan-an ni ọ̀gá náà tún kó síwájú mi, tuntun nínú páálí, pẹ̀lú lẹ́ńsì 75-300, báàgì àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó. Lẹ́ńsì yẹn ń fa nǹkan mọ́ra lóòótọ́, àmọ́ f/5.6 náà ni tó bá nà tán, òkùnkùn kan náà ni. Ó ní 18-55 ní IS, pé kò sí ohun tó máa gbọ̀n. IS, ọwọ́ èmi tí mo di kámẹ́rà mú ló ń mú dúró. Kò kan ọwọ́ oníjà.

Àlòkù Canon 7D Mark II ni mo fẹ́. 2014 ló jáde, ó ń ya mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú 65 ló fi ń wá nǹkan kí fọ́tò lè hàn kedere, wọ́n sì dí ara rẹ̀ dáadáa nítorí eruku. Nikon D500 dára jù ú lọ nínú òkùnkùn, àmọ́ Canon ni gbogbo lẹ́ńsì Bọ̀dá oní-fọ́tò, èmi ló ń yá wọn. Ní ti lẹ́ńsì, 70-200 f/2.8 ló ti ń wù mí, torí òun ni mo rí lọ́rùn àwọn tó ń ya bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ní Dei-Dei, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín èmi àti àwọn oníjà! Kí ni mo fẹ́ fi irin kìlógíráàmù kan ààbọ̀ ṣe? 85mm f/1.8 tó mi. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé tó bí ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6, owó rẹ̀ ò sì dé ibi tí ti èkejì dé.

Bàbá Ṣadé gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. O mọ̀ ọ́n tó bá dákẹ́ báyẹn. Ilẹ̀ Gwagwalada ló fẹ́ ká fi owó àjọ mi san, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ kò sì tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kò lẹ́bi. Ẹ̀rù ń bà mí, Yétú. Tí mo bá lọ ra èyí tí kò dára, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́. Bá mi rà á lọ́hùn-ún, ní ibi tí wọ́n ń dúró lé ọjà wọn lórí, kí o mú un bọ̀ ní Oṣù Kejìlá. Bi wọ́n léèrè iye fọ́tò tó ti yà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, torí Canon kì í kọ ọ́ sínú fọ́tò bíi ti Nikon. Fọ́tò 200,000 ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá ti lé ní 100,000, fi sílẹ̀. Ya ògiri funfun ní f/16, kí o wò ó bóyá àmì dúdú wà níbẹ̀. Àjọ mi á bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ìparí Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ náà gan-an ni màá kó owó rẹ lọ fún Màmá ní Ìlọrin. Tí ọwọ́ rẹ bá há, sọ ọ́ fún mi tààrà, mi ò ní bínú.

Ọmọ Katsina yẹn ní òun máa padà wá jà ní Oṣù Kìíní. Mo ti sọ fún un pé kó wá mi wá.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Rónkẹ́