"Gbogbo Ènìyàn" Wo Ni Wọ́n Ń Pè?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé yín.

Àwa tí a wà ní Adó-Èkìtì mọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń gbé kalẹ̀ ní Ọjọọjọ́bọ̀. Wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ òpó iná káàkiri: "Gbogbo ènìyàn ni a pè. Ọ̀fẹ́ ni." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i, mi ò lọ. Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ sólà àti bátìrì ni. Oníṣẹ́ rẹ́wáyà ni mí, ọdún kọkàndínlógún rèé, bátìrì ni mo fi ń jẹun. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́ta, mo mú ọmọṣẹ́ mi kan dání, a fọ gíríìsì ọwọ́ wa, a wọ aṣọ gidi.

Ẹnu géètì la ti kọ́kọ́ kan ìjàngbọ̀n. "Bọ̀ọ̀dá, káàdì ìdánimọ̀ yín dà?" Mo ní gbogbo ènìyàn ni wọ́n pè. Ẹ̀ṣọ́ náà ní gbogbo ènìyàn tó ní káàdì ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kó tó jẹ́ ká wọlé, a sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ó ju wákàtí kan lọ tí a fi ń dúró de alága. Nígbà tó dé, wọ́n kí alága, wọ́n kí igbá-kejì alága, wọ́n kí àwọn tí kò wá pàápàá. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀, ara ògiri ni ọ̀gá náà sì ti ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìpolongo ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbé bátìrì kankan wá o. Àwòrán bátìrì ló gbé wá.

Ó di àsìkò ìbéèrè, mo nawọ́. Mo bi wọ́n ní Yorùbá pé kí ló ń pa bátìrì ínfátà tí kì í fi í pé ọdún kan lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi. Ẹni tó mú gbohùngbohùn ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè tó bá àkòrí mu." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọṣẹ́ mi dorí kodò. Ẹ gbà mí o, ìbéèrè bátìrì kò bá àkòrí bátìrì mu!

Ìta la ti rí olùkọ́ kékeré kan tó sáré tẹ̀ lé wa. Ọlọ́run á bù kún un. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, bí wọ́n bá ń fa iná inú rẹ̀ kọjá ìdajì ní alaalẹ́, tí oòrùn ọjọ́ kejì kò sì tó láti mú un kún padà, èèpá funfun kan á máa lẹ̀ mọ́ àwo òjé inú rẹ̀. Bí èèpá yẹn bá pẹ́, ó máa ń le, bátìrì ò sì ní lè gba iná dáadáa mọ́." Ó ní kí n máa fi mítà wò ó lẹ́yìn tó bá ti sinmi: bátìrì fólítì 12 tó bá wà ní 12.6 ti kún. Tó bá já sí nǹkan bíi 12.2, ó ti dé ìdajì nìyẹn, kí oníbàárà yáa pa fíríìjì. Kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún yìí wá, ẹ̀bá gọ́tà ni mo ti gbọ́ ọ.

Físíìsì tí mo kà ní sẹ́kọ́ńdírì kò pọ̀, àmọ́ mi ò gbàgbé ìtàn Michael Faraday. Ọmọṣẹ́ lòun náà, lọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ Humphry Davy, ọ̀gá onísáyẹ́ǹsì kan, ní Royal Institution, ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó dì í pọ̀ bí ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí Davy; nígbà tó di 1813, wọ́n gbà á síṣẹ́. Òun ló fi hàn ní 1831 pé bí a bá ń ti mágínẹ́ẹ̀tì bọ inú wáyà tí a ká, tí a tún ń fà á jáde, iná á rìn nínú wáyà náà. Orí ìyẹn ni jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù lẹ́yìn gbọ̀ngàn wọn dúró lé. Ká ní géètì tiwa ni Faraday bá pàdé, káàdì ni wọn ìbá fi lé e padà. Ìwé tí ọmọṣẹ́ tèmi mú lọ, funfun báláú ló mú un bọ̀.

Àwọn ọ̀gá tó ń ṣètò nǹkan wọ̀nyí, ṣé àwa ni wọ́n ń pè àbí ara wọn? Orísun Ìmọ̀ ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ wa. Orísun wo ló ń béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹni òùngbẹ ń gbẹ?

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí wọ́n gbé Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù jáde kúrò nínú ọgbà, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣe é. Lóṣù yìí, kí wọ́n wá sọ́dọ̀ àwa mẹkáníìkì; lóṣù tó ń bọ̀, ìdí ẹ̀rọ gàrí; lẹ́yìn ìyẹn, inú ọjà. Kí olùkọ́ gbé nǹkan náà dání, kó tú u níṣojú wa. Kí olùkọ́ Yorùbá kan jókòó tì í lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n jọ wá ọ̀rọ̀ tí yóò lò. Ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́, kó jẹ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́, kí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe sùúrù. Ẹ má sọ fún mi pé Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀. Èkìtì tí à ń pe iṣu ní uṣu, tí à ń pe ilé ní ulé, ṣé a ò ní lè sọ ìdí tí omi gbígbóná àti omi tútù fi ń pàdé ní Ìkógòsì fún ara wa ni?

Kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lásìkò pẹ̀lú. Kí wọ́n sì dín kíkí alága kù.

Wọ́n ní omi kànga ni ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ lọ, nítorí kànga ilé wa ti ń rùn. Mo ti sọ fún un pé kó mú káàdì ìdìbò rẹ̀ dání, kó sì ti há ìbéèrè rẹ̀ sórí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ni,
Oníṣẹ́ rẹ́wáyà kan,
Adó-Èkìtì.