Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ẹ̀gún ara ṣáwásọ́ọ̀pù

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí.

Mo rí fọ́tò páálí tíì tí o fi ránṣẹ́, tí o ní kí ni “muricata” tí wọ́n kọ sí i lára túmọ̀ sí. Ewé ṣáwásọ́ọ̀pù ni. Annona muricata ni orúkọ tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ igi náà lọ́dún 1753. “Muricata” tó ń dà ọ́ láàmú yẹn, Látìn ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní “muricate”, ìyẹn ohun tí ẹ̀gún kúkúrú ṣóńṣó-ṣóńṣó bò lára. O kúkú mọ èso náà: ẹ̀gún rẹ̀ rọ̀, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè gún ọmọ ọwọ́. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ni alágídí! Ìdí ewé ló ń fi tiẹ̀ pamọ́ sí, ẹni tó bá ń já a á gbọ́ ọ lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. “Murex” ni àwọn ará Róòmù ń pe ìgbín òkun kan tí ìkarahun rẹ̀ kún fún ẹ̀gún. Òun ni àwọn ará Tírè, ìlú àtijọ́ kan ní Lẹ́bánónì, máa ń fi ṣe aró elése àlùkò tí àwọn ọba ń wọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni o! Lọ́dún 1909, Friedländer, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, kó ìgbín 12,000 jọ, aró gíráàmù 1.4 péré ló rí. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, àṣé ọmọ ìyá aró ẹlú ni, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ brómìnì ló kàn wọ inú ti ìgbín. Ìṣe wọn náà jọra. O rántí bí aṣọ ṣe máa ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, tó máa wá dúdú lójú ẹni? Omi ara ìgbín yẹn náà, bíi wàrà ló ń jáde. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di elése àlùkò.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá aláró ìsàlẹ̀ ilé wa. Màmá ò bèèrè aró rárá. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún méjìlá ìgbín, ta ló wá jẹ ẹran rẹ̀?

Bá mi kí gbogbo ilé. Tí o bá fẹ́ àdìrẹ, tètè sọ, ẹnìkan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́