Tóyìn, lápútọ́ọ̀pù ti dé

Kàbà,
Ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, 2026.

Tóyìn ọ̀rẹ́ mi,

Okun o. O kú òtútù ibẹ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́?

Mo rí ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì rí ibi tí o ti ń bínú pé láti ọdún Kérésì n kò dá ọ lóhùn. Má bínú. Kò sí lápútọ́ọ̀pù ni, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé n kì í lè tẹ ọ̀rọ̀ gígùn lórí fóònù, àtàǹpàkò mi ti tóbi jù fún un. Èyí tí mò ń fi kọ̀wé sí ọ yìí, tuntun látinú páálí ni, kì í ṣe tókunbọ̀. Owó kajú ni mo fi rà á. Igi mọ́kànlá tí Bàbá mi fún mi lẹ́bàá ọ̀nà odò yẹn so dáadáa lọ́dún yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún bàbá Kọ́lá tipẹ́ pé kò gbọdọ̀ bá mi ka owó rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ti àtijọ́ ṣe kú, torí ikú rẹ̀ ló sọ mí di ẹni tó ń ṣọ́ èyí lójú méjèèjì. O mọ̀ ọ́n, dúdú ńlá yẹn tó wúwo bí ọlọ. Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́wọ́ mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń gbé e sí, lórí tìmùtìmù, ṣájà kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí ẹ̀rù kí iná má lọ lójijì. N kò mọ̀ pé ihò wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló fi ń mí, àti pé tìmùtìmù ti dí i nímú. Ṣé o mọ ibi pẹlẹbẹ tí à ń fi ìka rìn lórí rẹ̀, lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù? Lọ́jọ́ kan mo rí i pé ó ti ń yọ sókè. Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó tún yọ. Mo gbé Bíbélì ńlá Màmá lé e lórí mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bíbélì ti dagun.

Bátìrì ló wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé iná ni mo ń bá ṣeré: bátìrì tó bá ti wú, a kì í tẹ̀ ẹ́, a kì í gún un, a kì í tún fi ṣájà sí i, torí ó lè gbiná mọ́ni lọ́wọ́. Ọlọ́run ló yọ ilé wa.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún wọn ṣe. Ó yọ bátìrì náà, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ó wá ní Windows rẹ̀, ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀, ń falẹ̀, òun á bá mi fi òmíràn sí i, òun ò ní gba kọ́bọ̀. N kò bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun tó wà nínú rẹ̀, òun náà kò bi mí bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbà á padà, inú rẹ̀ mọ́ bí àwo tí ajá lá.

Tóyìn, ìwé owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Owó oṣooṣù, owó ìsìnkú, owó aṣọ, owó gbọ̀ngàn, ti ọdún mẹ́fà gbáko. Mo dìde ní ìpàdé, mo ṣàlàyé, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Akọ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́ o," "Akọ̀wé, Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè mọ́. Gbogbo wọn ti san. Ìyá tí gbogbo wa mọ̀ pé kò dá náírà kan sí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn láti ọdún 2022, òun ló ń tù mí nínú jù. Ó tilẹ̀ gbé iṣu wá bá mi nílé.

Ó dára. Ọ̀rọ̀ Fẹ́mi tí o bi mí. O ní o fẹ́ ra ọ̀kan fún un láti Kánádà, kí n sọ ohun tí yóò ṣe. Kí o tó fi ránṣẹ́, wo bíríkì kékeré tó wà láàrin okùn ṣájà rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ INPUT síbẹ̀. Bí o bá rí 100-240V, kò séwu. Iná tiyín níbẹ̀, 120 ni, tiwa níbí 230, ṣájà bẹ́ẹ̀ á gba méjèèjì. Ẹnu okùn nìkan ni kò ní bá tiwa mu, eyín pẹlẹbẹ ni tiyín, tiwa sì jẹ́ eyín mẹ́ta kìǹbà-kìǹbà. Kí Fẹ́mi má lọ ra ṣájà òmíràn o, okùn tó ti ara ògiri dé ibi bíríkì nìkan ni kó rà.

Èkejì, bó bá jẹ́ èyí tí ẹnì kan ti lò ní ọ́fíìsì ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ lówó pọ́ọ́kú, bi wọ́n bóyá Windows 11 lè wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, 2025, ni Microsoft tó ni Windows jáwọ́ nínú àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ta tiwọn dànù nítorí ẹ̀. Wọ́n ní RAM 4GB, ìyẹn àyè tó fi ń ronú bó bá ń ṣiṣẹ́, tó fún Windows 11. Èmi ò gbà. Ó tó fún ẹni tó bá ní sùúrù Jóòbù. Ra 8 fún ọmọ náà.

Ọmọ ìsọ̀ tó ta tèmi fún mi ní Ìlọrin fẹ́ bá mi ṣí i lójú ẹsẹ̀. Mo kọ̀. Mo ti rí i lára tíṣà kan níbi iṣẹ́ wa: ímeèlì ọmọ ìsọ̀ ni wọ́n fi ṣí tirẹ̀, títí di òní ọmọ náà ló ni ín, tíṣà kàn ń bá a gbé e kiri ni. Nílé ni mo ti ṣí tèmi, pẹ̀lú Kọ́lá, lórí tábìlì ìjẹun. Ó béèrè orílẹ̀-èdè, mo mú Nàìjíríà. Ó béèrè kíbọ́ọ̀dù, mo mú United Kingdom, èmi tí mo rò pé ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Ó wá kan ìgbà tí mo fẹ́ kọ ímeèlì mi. Mo tẹ @ tó wà lórí 2. Ohun tó jáde ni àmì tí a fi ń ká ọ̀rọ̀ ẹni mọ́. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀. Òun náà ni. Mo ti ń rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, pé tókunbọ̀ ni wọ́n fọ̀ tà fún mi. Kọ́lá na ìka láti ẹ̀yìn mi, ó tẹ bọ́tìnnì kan nítòsí Enter, @ sì yọ síta. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sórí kíbọ́ọ̀dù náà, èmi sì ti sọ fún un pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wá pa ipò àwọn méjèèjì dà. Kí Fẹ́mi mú US.

Yorùbá wà nínú ètò èdè rẹ̀ pẹ̀lú, mo ti fi kún un. Gbogbo àmì tí o ń rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ṣé o rántí bí tíṣà wa ṣe máa ń gba máàkì márùn-ún lọ́wọ́ wa nítorí àmì ohùn? Kó wá wò mí lónìí.

Bí ó ṣe mú hotspot fóònù mi báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa update, ìyẹn àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Kí n tó se ẹ̀bà tán, dátà ọ̀sẹ̀ kan ti wọlé sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó yẹ kí a ṣe update náà, torí òun ló ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nígbà tí mo bá fẹ́. Ibi ètò Wi-Fi rẹ̀ ni mo ti rí metered connection, mo tan án. Ó ti mọ̀ báyìí pé owó là ń fi ra ohun tó ń mu. Dátà òru ni mo ń rà fún update.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bí o bá fi ímeèlì Microsoft ṣí àwọn tuntun yìí, wọ́n sábà máa ń ti gbogbo inú rẹ̀ pa fúnra wọn. Bí olè bá gbé e lọ, kò ní rí nǹkan kà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún nǹkan ṣe nínú rẹ̀, ó lè ní kí ìwọ gan-an mú kọ́kọ́rọ́ wá, kọ́kọ́rọ́ náà sì jẹ́ nọ́ńbà 48 tó tò tẹ̀lé ara wọn. Inú àkáǹtì ímeèlì yẹn ló wà. Mo ti dà á kọ sínú ìwé èésú, mo sì tún kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì Màmá. Ìyẹn bá Bíbélì mu ju kí n máa fi í tẹ bátìrì mọ́lẹ̀ lọ.

Ti bátìrì, ẹ̀gbọ́n bàbá Kọ́lá ní kí n fi ṣájà sí i fún wákàtí mẹ́jọ kí n tó tàn án. Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ bátìrì ayé àtijọ́ nìyẹn, lithium ni tòní, kò sì fẹ́ ààwẹ̀, kò fẹ́ àjẹyó. Ooru ló kórìíra jù. Ètò kan wà nínú tèmi tí kì í jẹ́ kó kọjá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún bí ṣájà bá tilẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, mo sì ti tàn án. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ogún, mo ń fún un lóúnjẹ. Orí tábìlì nìkan ló ń jókòó sí. Kọ́lá gbé e sórí àga onítìmùtìmù lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ohùn mi dé òkè àjà.

Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Bí àrá bá ti kù lókè Kàbà, mo yọ ọ́ lára ògiri. Bí iná bá lọ, mo yọ ọ́, n kì í sì í dá a padà lójú ẹsẹ̀ tí iná bá dé, torí o mọ bí iná wa ṣe máa ń dé bí ọ̀mùtí tó ń wọlé. Mo ń dúró kí gílóòbù yàrá dúró ní ojú kan ná.

Kí Fẹ́mi má jẹ ohunkóhun nítòsí rẹ̀. Ẹ̀pà díẹ̀ ló bọ́ sáàrin bọ́tìnnì tèmi, kí ilẹ̀ tó mọ́, èèrà ti lànà wọlé gba ihò USB. Ti eruku ọyẹ́, aṣọ tí mo fi ń nu dígí ojú mi ni mo fi ń nu ojú rẹ̀, ní gbígbẹ. Bí yóò bá gbé e gun ọ̀kadà, kó pa á pátápátá, kó má kàn dé e lásán. Bí ó bá jí nínú àpò, yóò se ara rẹ̀ jinná. Ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù mọ́, SSD ni ibi tí èyí ń kó nǹkan pamọ́ sí, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ bíi ti àtijọ́ tó ní àwo bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ìwé owó ẹgbẹ́ tuntun ti wà ní ibi mẹ́ta báyìí: nínú èyí, nínú fláàṣì tó wà lọ́dọ̀ akápò, àti nínú ímeèlì. Ṣùgbọ́n ti oṣù yìí nìkan ló wà nínú wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti nílò rẹ. Lẹ́yìn ìpàdé ọdún Àjíǹde 2024, o ní kí n fi gbogbo ìwé owó ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè mọ iye tó kù lọ́rùn rẹ. Ímeèlì ni mo fi fi ránṣẹ́, láti inú àkáǹtì ilé ìwé tí wọ́n ti pa báyìí. Jọ̀wọ́, wá orúkọ mi nínú ímeèlì rẹ, wo ọdún yẹn. Bí o bá rí i, má sọ nǹkan kan lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Èmi nìkan ni kí o fi ránṣẹ́ sí. Ìpàdé wa di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi pín in kárí, kí n sì wo ojú ìyá oníṣu yẹn dáadáa bó bá ṣe ń kà á.

Tìrẹ náà wà níbẹ̀ o: owó oṣooṣù 2021, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ìyẹn, n kò nílò lápútọ́ọ̀pù láti rántí ẹ̀.

Èmi ni,
Bísí, akọ̀wé rẹ.