Lẹ́tà sí ìyá alágbàdo tó pa iná ara rẹ̀

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ orúkọ yín, mi ò sì bi yín rí. Ìyá Alágbàdo ni gbogbo ojúlé ń pè yín, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè yín títí di alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2012, nígbà tí mo la ẹnu tí mo pè yín ní "ìwọ". Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tèmi dorí kodò: èmi tí mo ṣu ni mi ò rí i gbàgbé.

Kí n rán yín létí. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àró, níbí ní Àkúrẹ́, tí iwájú rẹ̀ dà sísàlẹ̀ sí gọ́tà títì. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà yẹn lẹ máa ń jókòó sí, ẹ̀yin àti ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ fi ń dáná èédú, wáyà lórí ríìmù, àgbàdo lórí wáyà. Ìkòkò bíbọ̀ wà lápá òsì yín. Ẹ máa ń gé àgbọn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Èmi ni ọmọ Ọ̀yọ́ yàrá ìkejì, tó ní máṣíìnì pupa, tó máa ń ní kí ẹ bá òun mú èyí tí kò gbó jù.

Máṣíìnì ọ̀hún ló fa gbogbo rẹ̀. Àlòkù ni mo rà á. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí òkè báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó, á sì kú. Àkúrẹ́ sì rèé, ibo lèèyàn fẹ́ yà sí tí kò ní gun òkè? Mẹkáníìkì ní ìdọ̀tí ló kún kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kí n gbé e wá. Mo bi í léèló, ó dá mi lóhùn, mo bá sọ nínú ara mi pé ọwọ́ èèyàn náà ló ń tú u, ọwọ́ tèmi ò sì rọ.

Epo wọ́n lójú wa nígbà náà. Oṣù kìíní ọdún yẹn ni ìjọba gbé bẹntiróòlù láti náírà 65 sí 141 fún lítà kan, tí gbogbo ìlú dàrú, kí wọ́n tó fà á bọ̀ sí 97. Ẹ wo bí a ṣe ń ké nítorí náírà 97! Ojú wa ti rí nǹkan. Torí pé mi ò fẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò, mo gbé abọ́ tí mo fi ń jẹ ẹ̀bà sábẹ́ máṣíìnì kí n fi gbe ohun tó bá dà. Nẹ́pà ti mú iná lọ láti ọ̀sán. Mo tan àtùpà, mo gbé e sórí pèpéle lẹ́yìn mi, kò jìnnà sí mi ju kí n nawọ́ lọ. Mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni to ẹrù ìyàwó.

Ohun tí mo ń bá jà kò ju rọ́bà dúdú kan lọ, tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ti ìdí táàpù epo lábẹ́ táǹkì wá, ó wọ ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀. Níbi tó ti wọ̀ ọ́, irin tín-ín-rín kan yọ jáde bí orí ọmú, ẹnu irin náà wú díẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ kí rọ́bà má baà yọ̀ kúrò, kílíìpù wáyà sì tún fún rọ́bà mọ́ ọn lọ́rùn. Kílíìpù ò yọ mí lẹ́nu. Mo fi pláyà tẹ etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó là, mo sún un sẹ́yìn. Rọ́bà ló kọ̀. Ó ti pẹ́ lórí irin yẹn. Epo ti fa gbogbo ohun tó ń jẹ́ kó rọ̀ kúrò lára rẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì ti sè é, ó ti le bí ìwo ewúrẹ́, òun àti irin ti di ara kan náà.

Mo fà á. Mo tún fà á. Mo fi pláyà há a lẹ́nu, mo fi ẹsẹ̀ ti táyà, mo fi gbogbo ara fà á. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé bí a bá ṣe ń fa rọ́bà ló ń tín-ín-rín, bó bá sì ṣe ń tín-ín-rín ló ń di ọrùn irin mú. Èmi tí mo rò pé mò ń yọ ọ́, híhá ni mò ń há a.

Ó wá já. Kò yọ o, ó já ní àárín. Táàpù epo tí mo rò pé mo ti tì, mo ti yí i kọjá ibi títì, mo yí i dé orí rìsáàfù, níbi tí epo ìsàlẹ̀ táǹkì ti máa ń ṣàn. Bẹntiróòlù tú sí mi lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá, ó tutù bí yìnyín. Ó kún abọ́ ẹ̀bà, ó kọjá abọ́, ó bọ́ sí sìmẹ́ńtì, ó mú ọ̀nà ìsàlẹ̀ pọ̀n. Ọ̀dọ̀ yín ló ń ṣàn lọ.

Ariwo yín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Èdè Oǹdó lẹ fi sọ ọ́, ó sì yá jù. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èmi ọmọ Ọ̀yọ́ gbọ́: iná. Ẹ gbé korobá omi tí ẹ fi ń fọ àgbàdo, ẹ dà á lé èédú yín lórí, gbogbo rẹ̀, tòun ti àgbàdo tó wà níbẹ̀. Eérú rú sókè. Ẹ rékọjá lórí ẹsẹ̀ mi, ẹ fẹ́ àtùpà mi pa. Ilẹ̀ ṣú biribiri.

Ìgbà náà ni mo sọ ọ́. Mo ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ìwọ ìyá yìí, ṣé orí ẹ pé?"

Ẹ̀yin tí ẹ bí mi lọ́mọ! Ìyàwó onílé wà lójú fèrèsé, ó gbọ́. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ra àgbàdo gbọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́, àwa tí a máa ń fẹnu sọ pé àwa la mọ "ẹ kú" pè jù. Ẹ ò dá mi lóhùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹ fọwọ́ tá táàpù epo kiri, ẹ rí i, ẹ yí i, epo dúró. Ẹ wá palẹ̀ igbá yín mọ́, ẹ lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ ti lọ ni ìyàwó onílé sọ fún mi pé epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ ń tà rí lẹ́bàá ọ̀nà Oǹdó, kí ẹ tó bọ́ sídìí àgbàdo. Kò sọ ohun tó lé yín kúrò nídìí rẹ̀, mi ò sì bi í. Ṣùgbọ́n mo ti rí apá ọ̀tún yín rí, lọ́jọ́ tí ẹ ká aṣọ sókè tí ẹ ń fẹ́ná.

Mo ti wá mọ ohun tí ẹ ṣe. Omi kì í pa iná bẹntiróòlù, lílé ló ń lé e kiri, torí epo á léfòó, á máa jó lọ lórí omi. Ẹ ò da omi sí epo. Iná yín lẹ dà á sí, kí òun àti epo tó fojú kanra. Epo fúnra rẹ̀ sì kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jó, afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gòkè, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń fà mọ́, tó ń wá kòtò àti gọ́tà. Níbi tó bá tutù tó ìwọ̀n 40 lábẹ́ òdo pàápàá, ó ṣì ń tú jáde tó ohun tó lè gbaná, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Àkúrẹ́. Pèpéle tí mo gbé àtùpà sí ga tó orúnkún. Bóyá gíga yẹn ló jẹ́ kí ẹ bá mi láyé. Iná tiyín ní tirẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, lójú ọ̀nà ibi tí epo ń lọ gan-an.

Báyìí, ọ̀sán gangan ni mo máa ń ṣe é, ní ìta, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Mo máa ń ti táàpù, máa jẹ́ kí máṣíìnì jó epo tó kù nínú kábúrétọ̀ títí á fi kú fúnra rẹ̀, máa dúró kó tún tutù, máa wá yọ wáyà nẹ́gẹ́tíìfù lórí bátìrì. Mi ò fa rọ́bà mọ́. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí òjò pa: bó bá ń fa ọmọ ìka rẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú sí, láti ọrùn ẹsẹ̀ ló ti ń tì í wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà epo. Máa kọ́kọ́ yí i sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀díẹ̀, títí máa fi rí i pé ó ti ń yí lórí irin, pé àjọṣe wọn ti tú. Lẹ́yìn náà ni máa fi èékánná tàbí ẹnu sukudiráfà tó pẹlẹbẹ ti ìdí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bó bá ṣì ń ṣagídí, máa lọ sè omi nínú ilé, máa ti àkísà bọ omi gbígbóná náà, máa fi wé rọ́bà fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ooru á mú kó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn kan ń lo ìṣáná. Mo ti fojú ara mi rí ẹni tó ń ṣe é, mo dìde kúrò níbẹ̀ láì dágbére.

Bí gbogbo ìyẹn bá kùnà, abẹ. Èyí ló pẹ́ jù kí n tó gbà, torí mo máa ń ṣàánú rọ́bà. Rọ́bà tó ti le tó báyẹn, bó bá tilẹ̀ yọ ní pípé, kò tún yẹ kéèyàn dá a padà, ẹnu rẹ̀ á ti sán, á máa jò. Máa la ẹnu rẹ̀ gbọọrọ, máa dagun abẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà ha irin, torí bí irin bá ti ní ojú àpá, ibẹ̀ ni epo á máa gbà jò lójoojúmọ́. Rọ́bà tuntun ò wọ́n. Kábúrétọ̀ ló wọ́n. Ẹni tó bá fi rọ́bà omi lásán rọ́pò rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni, epo á sọ ọ́ di igi kíákíá.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni àbúrò mi tó wà ní Oǹdó, ní ìlú yín. Ó ra máṣíìnì ìgbàlódé tí kò lo kábúrétọ̀, èyí tí pọ́ǹpù inú táǹkì ń ti epo lọ sí ínjẹ́kítọ̀, ohun tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì. Ó pè mí lórí fídíò lálẹ́ ọjọ́ Sátidé: "Bọ̀dá mi, ẹ wo ohun tí ojú mi ń rí, mo ti fa nǹkan yìí títí." Ó fi iná fóònù tàn án. Ike ni ìdè ọ̀pá epo tirẹ̀, ó ní ibi títẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yanrìn pupa ti kún ibẹ̀. Sukudiráfà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ fi yọ ọ́ bí ẹni yọ ìgbín.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò tíì tó àkókò láti fọwọ́ kàn án. Epo inú irú ọ̀pá yẹn kì í dúró jẹ́ẹ́ bíi ti kábúrétọ̀, nínú ọ̀pọ̀ wọn ó ń tì tó nǹkan bíi báà 3 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára títì), ìyẹn sì ju afẹ́fẹ́ tí à ń fún sínú táyà iwájú lọ. Ẹni tó bá tú u bẹ́ẹ̀, ojú ló máa fi gba epo. Kó kọ́kọ́ yọ fíúùsì pọ́ǹpù, kó tan ẹ́ńjìnnì, kó jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀, kó tún fi sítátà yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó yọ bátìrì. Kó fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ yanrìn yẹn kúrò, torí yanrìn ló há ibi títẹ̀ méjèèjì. Kó wá ti ìdè náà wọlé sí i ná, síbi tó ń lọ, kó tó tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó sì fà á. Títì yẹn ló ń tú ẹnu rẹ̀. Kó fi àkísà sábẹ́, nítorí díẹ̀ á ṣì dà.

Mi ò rí ìkankan sọ nínú rẹ̀. Bó ṣe yí fóònù, mo rí nǹkan pupa kan tó ń tan wínníwínní nílẹ̀ lẹ́yìn ìgigísẹ̀ rẹ̀. Kọ́ìlì ẹ̀fọn ni. Ó tàn án síbẹ̀ nítorí pé ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́.

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi sáré jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì jáde lẹ́nu mi. Àbúrò mi dúró, ó ń wò mí nínú fóònù bí ẹni ń wo wèrè. Ó ní, "Bọ̀dá mi, kí ló ṣe yín?" Ó kéré tán, òun rántí "yín".

Mo ti padà sí Òkè-Àró láti wá yín. Wọ́n ti kun ilé náà, ibi tí ẹ máa ń jókòó sí ti di ìsọ̀ oníkáàdì. Ẹnì kan ní ẹ ti lọ bá ọmọ yín ní Ọ̀wọ̀, ẹlòmíràn ní Oǹdó lẹ padà sí. Ẹni tó bá mọ ìyá tó ta àgbàdo níbẹ̀ lọ́dún 2012, tó ní àpá iná lápá ọ̀tún, kó bá mi ka ìwé yìí sí wọn létí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo rí àgbàdo yín nínú gọ́tà, eérú ti bò wọ́n. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlá ni. Owó wọn wà lọ́wọ́ mi, iye tí wọ́n bá ń ta àgbàdo lónìí ni máa san.

Èmi ni,
Ọmọ Ọ̀yọ́ yàrá ìkejì.