Tate Modern kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde nípa àwọn ibi tó yẹ kí àlejò dé ní London, inú mi sì dùn pé ẹ dárúkọ Tate Modern. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé iṣẹ́ ọnà. Rárá o. Ilé iṣẹ́ amúnáwá ni, Bankside ni orúkọ rẹ̀, ohun tó sì yọ gogoro láàárín rẹ̀ tí òǹkọ̀wé yín pè ní ilé agogo, ihò èéfín ni. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi ń jẹun ní Abẹ́òkúta kí n tó wá máa gbé ní Peckham, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára.

N kò dá a lẹ́bi púpọ̀. Giles Gilbert Scott tó ya àwòrán ilé náà, òun kan náà ló ya Kàtídírà Anglican ti Liverpool, òun ló sì ya ilé tẹlifóònù pupa tí gbogbo ayé fi ń mọ London. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Bankside lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ariwo pọ̀, nítorí pé ọ̀kánkán Kàtídírà St Paul's gan-an ni, odò Thames nìkan ló là wọ́n láàárín. Ta ni yóò fẹ́ kí èéfín máa rú sójú ilé Ọlọ́run? Scott wá fi ihò èéfín kan ṣoṣo sí àárín, ó sì fi gíga rẹ̀ mọ sí mítà 99, kí ó má baà ga ju St Paul's, tó ga tó mítà 111, lọ. Wọ́n tún ń fi omi odò fọ èéfín náà kó tó jáde, kí imí ọjọ́ inú rẹ̀ lè dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú odò yẹn náà ni ìdọ̀tí rẹ̀ padà sí.

Bíríkì tí wọ́n fi mọ ọ́n tó mílíọ̀nù 4.2, síbẹ̀ bíríkì kọ́ ló gbé ilé náà ró. Irin ni egungun rẹ̀. Aṣọ ni bíríkì jẹ́ fún un. Èyí kò dín iṣẹ́ àwọn tó tò ó kù lójú mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo fara ti ògiri, mo di ojú kan, mo fi ìkejì wo ẹsẹ bíríkì kan lọ títí, bí ọ̀gá mi ti kọ́ wa láti máa wo okùn, n kò sì rí ibi tó ti yẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ ká wọlé lọ wo àwòrán tí a torí rẹ̀ wá. Àwọn fèrèsé tóóró tó ga fíofío lára ògiri ọ̀hún wà lára ohun tó ń mú kí ojú àlejò rí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún 1947 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, 1963 ló tó parí. Wọn kò lè wó ilé amúnáwá àtijọ́ tó wà níbẹ̀ láti 1891 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé òun ló ṣì ń fún àwọn aráàlú ní iná. Ìlàjì ti ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, ìyẹn sì ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ìlàjì kejì, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń kó sínú yàrá méjì nílé kí ìyókù tó dé orí òrùlé. Epo ló ń jó. Nígbà tí epo wá wọ́n gógó, owó iná rẹ̀ kò bá ọjà mu mọ́, wọ́n sì tì í pa ní 1981.

Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n wó o, kí iléeṣẹ́ Tate tó yàn án ní 1994. Herzog àti de Meuron, àwọn ayàwòrán ilé láti Switzerland, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọgbọ́n tí wọ́n dá wù mí: wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ amúnáwá kúrò nínú gbọ̀ngàn tọ́báìnì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lófìfo, pẹ̀lú gíga rẹ̀ tó mítà 35. Ibẹ̀ ni El Anatsui, ọmọ Ghana tó kọ́ni ní Nsukka fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé iṣẹ́ ọnà onídérí ìgò rẹ̀ kọ́ sí ní 2023. Oṣù Karùn-ún 2000 ni wọ́n ṣí ilé náà. Nígbà tí wọ́n fi apá tuntun kún un ní 2016, bíríkì náà ni wọ́n tún lò, ṣùgbọ́n wọ́n fi àlàfo sí àárín rẹ̀ bí ajere, tí iná inú ilé fi ń yọ síta lálẹ́.

Ohun kan ṣì kù tí ìbá ti jẹ́ kí òǹkọ̀wé yín fura. Nígbà tí wọ́n sọ ilé náà di ti iṣẹ́ ọnà, apá kan ní ìhà gúúsù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iná. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, bí àwọn ọmọdé inú gbọ̀ngàn ti dákẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tí tiransifọ́mà ń kùn hùn-ùn lẹ́yìn ògiri.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bíríkìlà kan ní Peckham, London