Nọ́mbà 30 ló ń pín ọ̀kẹ́ kan, kì í ṣe 24

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ojú ewé ìṣirò yín lọ́sẹ̀ tó kọjá sọ pé nọ́mbà 24 ló lè pín ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, láìṣẹ́kù. 30 ni wọ́n, ibi tí àṣìṣe náà gbà wọlé kò sì fara sin.

Àwọn tó ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́ ti bá wa tú ọ̀kẹ́ palẹ̀: ẹyọ 40 lórí okùn kan, okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́. Ẹ tú 40, 50 àti 10 dé ìdí, 2 àti 5 nìkan lẹ máa bá níbẹ̀: 2 márùn-ún, 5 mẹ́rin. Ẹ wá fi 1 kún márùn-ún yẹn, ó di 6. Ẹ fi 1 kún mẹ́rin, ó di 5. 6 lọ́nà 5 jẹ́ 30. Ẹni tó bá yín ṣe é fi 1 kún ti àkọ́kọ́, ó gbàgbé ti èkejì. 6 lọ́nà 4 ló fún un ní 24. Ẹ má yọ 1 yẹn sílẹ̀ o, torí nọ́mbà tó ń pín ọ̀kẹ́ lè má ní 5 kankan nínú, bíi 32.

Ẹni mẹ́rìndínlógún tó ń dá àjọ l'Ọ́jà Ọba níbí lè pín ₦20,000 lọ́gbọọgba, ₦1,250 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹni méjìlá ò lè rí i pín bẹ́ẹ̀, ₦8 á ṣẹ́ kù: 12 ní 3 nínú, ọ̀kẹ́ ò ní.

Ẹ tún ní nọ́mbà kan wà tó jẹ́ pé, lọ́nà ara rẹ̀, ọ̀kẹ́ kan ni. Kò sí. 2 márùn-ún ò ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba. Ọ̀kẹ́ méjì ló rí bẹ́ẹ̀, igba lọ́nà igba; ọ̀kẹ́ mẹ́jọ náà, irinwó lọ́nà irinwó. Àmọ́ irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ méjì lè para pọ̀ di ọ̀kẹ́ kan, ọ̀nà mẹ́ta péré: 100 lọ́nà 100 méjì, 140 lọ́nà 140 pẹ̀lú 20 lọ́nà 20, àti 124 lọ́nà 124 pẹ̀lú 68 lọ́nà 68. Ìkẹta yìí kì í tètè hàn sójú, òun ló sì dùn mọ́ wa jù.

Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo nọ́mbà tó ń pín in pọ̀, láìka òun fúnra rẹ̀, 29,203 ni. Ó ju ọ̀kẹ́ lọ, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi kà á mọ́ abundant. 8,128 ní tirẹ̀, ohun tó ń pín in ròpọ̀ di 8,128 gẹ́lẹ́.

Ó ku àwọn aládùúgbò rẹ̀ tẹ́ ẹ pè ní prime, ìyẹn nọ́mbà tó ju 1 lọ tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló ń pín in láìṣẹ́kù. 7 pín 19,999, ó jẹ́ 2,857. 3 pín 20,001, ó jẹ́ 6,667. Ẹ máa fi gbogbo prime láti 2 dé 139 dán irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ wò. Èyí tó tẹ̀ lé 139 ni 149, 149 lọ́nà 149 sì ti di 22,201, ó ti kọjá ibi tí à ń wá. 19,997 yege nínú ìdánwò yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìdáhùn náà tẹ̀.

Àwa olùkọ́ ìṣirò méjì,
Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́