Lẹ́tà sí Bùrọ̀dá Akin: ìdí tí Bàbá kò fi ní lè wá sílé lóṣù Kejìlá

Houston

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara Bàbá ń yá lẹ́yìn CAR-T, ìtọ́jú tí wọ́n gbà fún myeloma, jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún Dúpẹ́, pé mo gbé Bàbá pamọ́, pé n kò jẹ́ kí wọ́n gba fóònù, pé èmi ni n kò fẹ́ kí wọ́n wá síbi ìgbéyàwó Tóbi. Ṣé èmi ni màá fi Bàbá pamọ́ fún yín?

Ẹ bínú pé n kò ní kí ẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. CAR-T kì í ṣe gbígba mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn. Sẹ́ẹ̀lì T ti Bàbá fúnra wọn, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà, ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ fa ẹ̀jẹ̀ wọn, ó yọ sẹ́ẹ̀lì funfun, ó dá ìyókù padà sí wọn lára. Wákàtí mélòó kan ni wọ́n fi jókòó tì í. Ilé iṣẹ́ wá fi fáírọ́ọ̀sì tí kò lè ṣèèyàn léṣe mọ́ gbé àbùdá tuntun wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà, kí ó lè dá BCMA mọ̀, ohun tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì myeloma. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ilé ìwòsàn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan máa wà lọ́dọ̀ aláìsàn tọ̀sán-tòru, ni mo ṣe gba ìsinmi tí kò ní owó oṣù nínú. Ibẹ̀ ni owó òrùlé yín há sí. Màá san án, Bùrọ̀dá. Mo ní màá san án.

Chemo ọjọ́ mẹ́ta ló ṣáájú, fludarabine àti cyclophosphamide, kí àyè lè wà fún sẹ́ẹ̀lì tuntun. Àpò kékeré ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, kò pẹ́ tó fi wọ ara tán. Oògùn tí wọ́n fi pa á mọ́ nínú yìnyín ló ń mú yàrá rùn bí ááyù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ibà dé. Wọ́n ti ń retí rẹ̀, torí ìjà sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú àrùn ló ń mú ara gbóná. Tocilizumab, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà náà, ni wọ́n fà sí wọn lára.

Wàhálà tí ìtọ́jú náà lè dá sílẹ̀ nínú ọpọlọ ló ń dẹ́rù bani jù. Lójoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì ń béèrè: ọdún wo la wà, oṣù wo, ìlú wo, ilé ìwòsàn wo? Ẹ ka 100 wálẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan. “Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí” ni Bàbá ń kọ. Lọ́jọ́ tí ẹ pè tí n kò gbé e, lẹ́tà ti ń gun ara wọn, “Ọ̀yọ́” ti já sí ìlà wíwọ́ lásán. Dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú kù, ni wọ́n fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ṣé irú ìgbà yẹn ni kí n fi fóònù sí wọn létí? Ó ti kúrò báyìí, ìkọ̀wé wọn ti gún.

Ní ti oṣù Kejìlá, sẹ́ẹ̀lì tuntun yìí ń pa sẹ́ẹ̀lì rere tó ń dáàbò bo ara mọ́ ti àrùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa immunoglobulin, èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àrùn, sí Bàbá lára lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń lo aciclovir àti Septrin kí àrùn mìíràn má bàa wọlé. Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ni wọ́n máa tún gún fún wọn nígbà tó bá yá. Ti ibà pọ́njú ni wọn kò gbọ́dọ̀ gbà, kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀. Dókítà lè kọ̀wé kí wọ́n yọ̀ǹda wọn ní pápákọ̀ òfuurufú láìgba abẹ́rẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò dá ẹ̀fọn dúró, kò sì dá ikọ́ àwọn èrò abẹ́ àtíbàbà dúró.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi agbo rán ẹnikẹ́ni sí wa. Oògùn tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn ń gbé ti pọ̀ tó. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá yí padà, dókítà kò ní mọ ohun tó fà á.

Mo gbọ́ pé ẹ bi Dúpẹ́ bóyá àrùn náà ti lọ pátápátá. Àyẹ̀wò tó jáde kẹ́yìn dára púpọ̀, àmọ́ myeloma lè padà, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ní yé yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ pè wá lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sunday, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiyín. Òwúrọ̀ ni níbí, ìgbà yẹn ni ara wọn ń dá jù. Kí Tóbi àti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá fẹ́ ṣàdúrà fún wọn.

Àbúrò yín,
Fúnkẹ́